Ohun Tí Wọ́n Béèrè Ni Ìwé Mọ̀

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, òtítọ́ sì ni níbi tí ẹni tí ń rìnrìn àjò bá ti jẹ́ ẹni tí ń béèrè ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń tọpa ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nínú ìwé ìjọba kò sí ní irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ti béèrè gbogbo ìbéèrè tán kí wọ́n tó bí i, kò sì sí èyí tí ó ro ti àrọ́mọdọ́mọ nínú wọn. Àlùfáà béèrè nítorí ìjọ, akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ béèrè nítorí òfin, adájọ́ béèrè nítorí gbèsè, ẹni tí ń kànìyàn béèrè nítorí iye. Ìdáhùn nìkan ni ó kù sílẹ̀, olùwádìí a sì máa kó wọn jọ bí ẹni pé òun ni wọ́n ń dá lóhùn. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú ìkọ̀wé àtijọ́ tí ó ṣòro kà tàbí nínú ìwé tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn ìdílé òǹkọ̀wé nì, Charles Dickens, tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síta ju ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1824 ni wọ́n ti John Dickens, baba rẹ̀, mọ́ Marshalsea, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ajigbèsè tí ó wà ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ó jẹ oníbúrẹ́dì kan ní gbèsè £40 àti ṣílè 10. Ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ṣì wà ní Kew, ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tí wọ́n ń pè ní National Archives, ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọlé sì wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ó jáde, 28 oṣù Karùn-ún, ti wà níbẹ̀. Ní àsìkò kan náà, ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 12 ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní ilé iṣẹ́ Warren létí odò Thames, níbi tí ó ti ń fi bébà bo ẹnu ìgò pólíìṣì bàtà, tí ó ń fi okùn dì í, tí ó sì ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́ ọn lára. Ìwé ìjọba kankan kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a jẹ lówó ní ẹjọ́ láti rò, nítorí náà gbèsè baba di àkọsílẹ̀ títí dé orí ṣílè. Ọmọ kò ní ẹni tí yóò ro ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́ ọmọ kò di ohunkóhun. Bí kì í bá ṣe pé Dickens fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Forster, tí Forster sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú, gbogbo ayé ì bá máa ka ìwé ọkùnrin náà láìmọ ibi tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà.

Ìdílé olókìkí ni, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ó fi wúlò fún ìrònú yìí. Ohun tí ìwé ìjọba bá fò nínú ìtàn wọn, lẹ́tà àti ẹ̀rí ọ̀rẹ́ wà tí ó ń fi hàn pé ìwé fò ó. Ìdílé alágbàṣe oko kan ní Dorset, tàbí ti obìnrin alágbàfọ̀ kan ní Leeds, kò ní Forster. Ohun tí akọ̀wé kò bi wọ́n ti bá wọn wọ ibojì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wá rò pé ayé wọn fẹ́lẹ́ bí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ṣẹ́kù nípa wọn. Ọ̀pọ̀ àtẹ ìdílé, ìyẹn ìwé tí a to ìran kan sí láti orí baba ńlá dé orí ọmọ ọmọ, ni ó ń ṣe àṣìṣe yìí láìfọ̀rọ̀ sọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, ó parí, bí ẹni pé wọn kò ṣe ju kí wọ́n dé kí wọ́n sì lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ béèrè. Láti ọdún 1538, nígbà tí Thomas Cromwell pàṣẹ rẹ̀ lábẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, ni páríṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbègbè tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú àlùfáà kan, ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi, àwọn tí wọ́n so pọ̀ ní ìgbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin. Ìrìbọmi ni wọ́n kọ, kì í ṣe ìbí, nítorí pé ọjọ́ tí omi kan orí ọmọ ni ó jẹ ìjọ lógún. Wọ́n bí Charles Dickens ní Portsmouth ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1812, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni ìrìbọmi rẹ̀, Charles John Huffham Dickens sì ni ìwé ìjọ náà pè é, nígbà tí ó jẹ́ pé Huffam ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ń jẹ́. Lẹ́tà kan péré ni ó lé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tó láti gbé ènìyàn pamọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún nínú atọ́ka, ìyẹn ìwé tí ó to orúkọ tẹ̀ léra láti fi hàn ibi tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ọdún 1812 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún àwọn páríṣì ní fọ́ọ̀mù títẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1813, tí ó sì ń béèrè ibi tí òbí ń gbé àti iṣẹ́ tí baba ń ṣe. Charles ṣáájú fọ́ọ̀mù náà. Àbúrò rẹ̀, Letitia, tí wọ́n bí ní ọdún 1816, bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ìjọba tẹ̀ lé ìjọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1837 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe ti ìjọ Áńgílíkà kò fẹ́ kí ẹ̀rí ìbí ọmọ wọn wà lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ mìíràn, àwọn tí ó ní ilẹ̀ àti ilé fẹ́ ẹ̀rí tí kóòtù yóò gbà lórí ọ̀rọ̀ ogún, àwọn oníṣègùn sì fẹ́ mọ ohun tí ń pa ènìyàn. William Farr, onímọ̀ ìṣirò tí ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ náà, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún to àwọn ikú wọ̀nyí sí abẹ́ àrùn tí ó fà wọ́n. Ohun tí ìwé ikú ń béèrè fi èyí hàn kedere: ó béèrè ọjọ́, ibi, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ohun tí ó pa olóògbé àti ẹni tí ó mú ìròyìn wá, ṣùgbọ́n kò béèrè orúkọ àwọn òbí rẹ̀. Àrùn ni ìwé náà ń wá, kì í ṣe ìran. Olùwádìí tí ó bá bínú pé ìwé ikú baba ńlá òun kò sọ ẹni tí ó bí i ń bínú sí ìwé tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Àkọ́bí Charles Dickens, tí òun náà ń jẹ́ Charles, dé sáyé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1837. Mary tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 1838. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ òfin tuntun náà kò bá ìbí ẹ̀gbọ́n, ó sì bá ti àbúrò. Fún ẹ̀gbọ́n, ìwé ìjọ ni olùwádìí yóò wá lọ; fún àbúrò, òfin ti pèsè àyè fún ìwé ẹ̀rí ìbí, pẹ̀lú orúkọ baba, orúkọ ìyá àti orúkọ tí ìyá ń jẹ́ nílé baba rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ. Ìgbéyàwó kò ṣe ìyá ní irú oore bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1837, ìwé ìgbéyàwó béèrè orúkọ baba ọkọ àti ti baba ìyàwó àti iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe, ọdún 2021 sì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ àwọn ìyá. Ó ṣòro láti ka ọdún méjì wọ̀nyí pa pọ̀ láìní ìrora ọkàn: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ni ó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń wo ọmọ wọn, tí ìwé tí wọ́n ń kọ lójú wọn kò sì ní àyè fún wọn.

Ẹni tí kò mọ̀wé a fi àmì X sí ibi tí ó yẹ kí ó buwọ́ lù, akọ̀wé a sì kọ orúkọ rẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí orúkọ ìdílé kan bá ní lẹ́tà kan ní ọdún 1840, tí ó sì ní òmíràn ní ọdún 1862, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹnu ìdílé náà kò yí padà rárá, etí akọ̀wé ni ó yàtọ̀. Àwọn ará ilé náà kò lè ka ohun tí akọ̀wé kọ nípa wọn, nítorí náà wọn kò lè tún un ṣe.

Ìkànìyàn ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fẹ́ràn jù, nítorí pé ó kó gbogbo ará ilé jọ sójú kan. Láti ọdún 1801 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti ọdún 1841 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n pa orúkọ olúkúlùkù mọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lọ́dún náà, àṣẹ wà pé kí wọ́n gé ọjọ́ orí ẹni tí ó bá ti ju ọdún 15 lọ sí ìlọ́po márùn-ún tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29, gẹ́gẹ́ bí Dickens ti jẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, di ẹni ọdún 25 lábẹ́ àṣẹ. Ti ọdún 1851 sàn jù, nítorí ó béèrè ọjọ́ orí gan-an, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí baálé ilé, àti páríṣì tí wọ́n ti bí i.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ni ìkànìyàn ti ọdún 1851 bá àwọn ilé: ẹni tí ó bá sùn níbẹ̀ lálẹ́ yẹn ni wọ́n kà mọ́ ọn. John Dickens, ẹni Marshalsea àná, wà lórí ibùsùn ní Keppel Street ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì dákẹ́ ní ìdájí ọjọ́ kejì, 31 oṣù Kẹta. Dora, ọmọbìnrin Charles tí ó kéré jù, jẹ́ ọmọ oṣù méje. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin. Lábẹ́ òfin ìkànìyàn náà, alààyè ni baba àgbà àti ọmọ ọmọ lálẹ́ yẹn, ibi tí ó sì yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé ni àárín àwọn tí ó wà láyé. Kò sí òpó, ìyẹn ìlà tí wọ́n fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ìdáhùn kan, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ń kú lọ. Ẹni tí ó bá rí ilé tí ó kún fọ́fọ́ nínú ìwé ọdún 1851 a máa yọ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́wàá ni ó rí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1852 tí ó sì kú ní 1859 lè má sí nínú ìkànìyàn kankan, bẹ́ẹ̀ ó jẹun nílé náà fún ọdún méje, ìyá rẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀.

Bí a bá fi àwọn ìwé yìí gun òkè lọ sí ìdí ìdílé Dickens, ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn fúnra wọn máa ń sọ fún àlejò. William Dickens àti Elizabeth, àwọn òbí John, jẹ́ ìránṣẹ́ ní Crewe Hall, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá kan ní Cheshire: William ni olórí ìránṣẹ́, Elizabeth sì ni olùtọ́jú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Níhà ti ìyá Charles, Charles Barrow, baba àgbà rẹ̀, di ipò gíga mú ní ọ́fíìsì tí ń san owó àwọn ọmọ ogun ojú omi, ọ́fíìsì kan náà tí John ti ń ṣe akọ̀wé. Ní ọdún 1810, nígbà tí àṣírí tú pé ó ti ń jí nínú owó náà fún ọdún púpọ̀, iye tí ó lé ní £5,000, ó sá kúrò ní ìlú. Àkọsílẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìtìjú wọn sókè kí ó sì fi ọlá wọn pamọ́. Ó kàn jẹ́ pé olè jíjà ní ọ́fíìsì ìjọba máa ń bí ìwé púpọ̀, ọdún púpọ̀ tí obìnrin fi ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn nínú ilé ẹlòmíràn kì í sì í bí ju orúkọ kan nínú ìwé owó oṣù lọ. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n ìwé wọn àwọn baba ńlá yóò rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Irú fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó tí ń béèrè baba láìbéèrè ìyá yẹn náà ni wọ́n ṣí ní ìjọ St Nicholas ní Brighton, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, fún obìnrin Yorùbá tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó o lẹ́rú ní Òkè-Ọdán ní ọdún 1848, ogun náà pa àwọn òbí rẹ̀, Gezo, ọba Dàhómì, sì fi í fún Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1850. Òpó orúkọ baba àti òpó iṣẹ́ baba ń dúró dè é nínú fọ́ọ̀mù náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dúró de ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì tàbí ti agbẹjọ́rò, ọjọ́ orí tí ó sì ń lò jẹ́ èyí tí àwọn tí ó mú un wá fojú díwọ̀n. Ina ni orúkọ tí ó ṣáájú àwọn yòókù nínú ìwé ìgbéyàwó náà. Yorùbá tí ó bá kà á yóò gbọ́ Àìná níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ìwọ́ ni ó yí ọmọ náà lọ́rùn nígbà tí wọ́n ń bí i, ìròyìn ìbí tí kò sí akọ̀wé kan ní Brighton tí ó béèrè rẹ̀. Níbí, ẹni tí ó ń dáhùn sọ ju ohun tí wọ́n bi í lọ, ó sì jọ pé irú ibi báyìí ni ó yẹ kí olùwádìí máa fi gbogbo ọkàn wá.

Ọdún 1858 ni ìjọba gba ọ̀rọ̀ ìwé ìpíngún, ìyẹn ìwé tí ènìyàn fi ń sọ bí wọn yóò ṣe pín ohun ìní òun lẹ́yìn ikú, lọ́wọ́ àwọn kóòtù ìjọ, tí ẹnikẹ́ni sì ti lè ka ìwé ìpíngún ẹnikẹ́ni. Ọdún kan náà ni kóòtù ìkọ̀sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún náà sì ni Dickens àti Catherine, ìyàwó rẹ̀, pínyà lẹ́yìn ọdún 22 àti ọmọ mẹ́wàá. Wọn kò lọ sí kóòtù, nítorí náà ìpínyà tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń sọ kò sí nínú ìwé ẹjọ́ kankan. Ìwé ìpíngún ọkùnrin náà, tí ó kọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1869, ni ó sọ̀rọ̀: ẹni àkọ́kọ́ tí ó fún ní owó nínú rẹ̀ ni òṣèré orí ìtàgé kan, Ellen Lawless Ternan, £1,000. Ìwé ìpíngún kì í béèrè ìdí. Ó kọ orúkọ, ó kọ iye, ó sì dákẹ́.

Wọ́n bí Ellen ní ọdún 1839. Nígbà tí ó lọ́kọ ní ọdún 1876, ó ti yọ ọdún 14 kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni ọdún 23 ni ó sì pe ara rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1914 ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó mọ òtítọ́. Òwe sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ó sì bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó bá lójú ọ̀nà? Kì í ṣe ẹni tí ó parọ́. Ọmọ ni ó bá, àgbàlagbà ọkùnrin tí ó ń pa ìyá rẹ̀ mọ́ sí ọkàn bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń ṣí ìwé àwọn òkú kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò sí alààyè tí ọwọ́ òun lè kàn. Síbẹ̀, obìnrin tí ó bá di dandan fún láti sin ọdún 14 nínú ayé rẹ̀ kí ó tó lè rí ilé ọkọ ti sọ ohun kan nípa ayé ìgbà náà tí àwọn akọ̀wé kò mọ̀ pé àwọn ń kọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin Dickens fọ́n ká kọjá ibi tí ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Walter kú ní Calcutta ní Íńdíà ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1863. Sydney kú lójú òkun ní ọdún 1872. Francis ṣe ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ní Kánádà, ó sì kú ní Illinois ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1886. Alfred àti Edward kọjá sí Ọsirélíà.

Ìkànìyàn ọdún 1911 ni àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù tí baálé ilé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kù sílẹ̀, nítorí pé ṣáájú rẹ̀, àwọn akànìyàn a da ọ̀rọ̀ kọ sínú ìwé tiwọn, ìwé yẹn ni wọ́n sì ń pa mọ́. Ọdún yẹn ni ìjọba bi àwọn obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí nínú ìkànìyàn: ọmọ mélòó ni wọ́n bí láàyè, mélòó ni ó kù, mélòó ni ó kú. Nítorí iye ọmọ tí ń dín kù ní orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ṣe béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìṣirò náà ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀fọ̀ tí ó ti wà nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Kate, ọmọbìnrin Dickens tí ó fẹ́ ayàwòrán Carlo Perugini, wà lára àwọn tí ìbéèrè náà kàn. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà sì ti kú láti ọdún 1876, kí ó tó pé ọmọ ọdún kan.

Kate yìí kan náà ni ó fi ẹnu sọ ohun tí ìwé kankan kò bi í. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gladys Storey, sọ̀rọ̀ nípa baba rẹ̀ àti nípa ìyà tí ìyá rẹ̀ jẹ, Storey sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1939, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Kate kú. Nínú ìwé náà ni ó ti jáde pé Ellen Ternan bí ọmọkùnrin kan fún Dickens, tí ó kú ní ìkókó. Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu. Níbí, àrọ́bá ni ó kù, ìtàn kò tẹ̀ lé e. Àwọn olùwádìí ti wá ọmọ náà nínú àkọsílẹ̀ ìbí àti ti ikú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Dickens máa ń lọ lemọ́lemọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, wọn kò sì rí ìwé tí ó fi í hàn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n lè fi orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún un, wọ́n sì lè má fi orúkọ sílẹ̀ rárá. Ó sì tún lè jẹ́ pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yí padà láàárín ẹnu Kate àti ọwọ́ Storey. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú kọ ọmọ náà sínú àtẹ ìdílé Dickens, kò sì sí ẹni tí ó lè fi àìsí ìwé pa Kate lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó bá ń fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ náà yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sí etí àtẹ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, orúkọ ẹni tí ó gbọ́ ọ àti ọdún tí ó jáde, yóò sì ṣí àkọsílẹ̀ ìlú tí ó kàn.